Ẹ Kú Ewu Ọmọ, Ìyá Ejò Ńkọ́?

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ jáde ní ẹ̀ka yìí gbé àwòrán kan sórí WhatsApp sẹ́ẹ̀tì wa. Ẹyin 17 ló wà níbẹ̀, funfun, wọ́n gùn díẹ̀ ju ẹyin ẹyẹ lọ, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ara wọn típẹ́típẹ́. Abo ejò tó ń sìn nínú yàrá rẹ̀ ní England ló yé wọn. Kí n tó wo àwòrán náà tán, ìkíni ti ń rọ́ wọlé: "Ẹ kú ewu ọmọ o!" "Olúwa á wò wọ́n!" Ẹnì kan tilẹ̀ ń béèrè ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kí òun lè tètè ra aṣọ ẹbí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìkíni yẹn, kò sí ẹyọ kan tó béèrè ìyá. Bẹ́ẹ̀, ohun tó mú kí Yorùbá máa kí ènìyàn kú ewu ọmọ ni pé ẹni tó bímọ ti la ewu kọjá. Ọmọ kọ́ là ń kí, ìyá ni.

Ibi tí mo dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyí: ẹni tí kò bá tíì gbé abo ejò rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, tí kò sì mọ orúkọ àwọn tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ da akọ pọ̀ mọ́ ọn. Pé ó ṣeé ṣe kì í ṣe ìdí.

Àwọn àbúrò wa tó ṣì wà ní kíláàsì lè máa béèrè pé irú ejò wo là ń sọ. Corn snake ni, Pantherophis guttatus, ọ̀kan lára àwọn tí Linnaeus fún lórúkọ, ní ọdún 1766. Ejò àgbàdo ni mo máa ń pè é nílé. Àwọn kan ní ó gba orúkọ náà torí pé nínú àká àgbàdo ni wọ́n ti máa ń rí i tó ń dọdẹ eku. Àwọn mìíràn ní torí ikùn rẹ̀ ni, tó rí bí àgbàdo tí kóró rẹ̀ jẹ́ oríṣiríṣi àwọ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ ni gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, láti New Jersey títí wọ Florida. Kò ní oró. Á wé mọ́ eku, á fún un pa, á gbé e mì. Èyí tó bá dàgbà kì í sábà gùn ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ó wà lára àwọn ejò tí àwọn ènìyàn ń sìn jù, ẹ kò sì nílò ìwé àṣẹ kankan láti ní ọ̀kan nílé. Fún àwa tó ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, ìdẹwò ńlá ni. Nílé, àdá ti máa ń dé orí ejò kí ẹnikẹ́ni tó ráyè wo ìpẹ́ rẹ̀. Níbí, ẹ lè jókòó tì í kí ẹ ka ìpẹ́ ikùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi fúnra mi ti ń sin abo méjì fún ọdún mẹ́fà, mo sì máa ń lọ ṣèrànwọ́ lọ́jọ́ Sátidé níbi kan tí wọ́n ti ń gba àwọn ẹranko afàyàfà tí àwọn tó ni wọ́n kò fẹ́ mọ́.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ejò tó rọrùn láti mú bímọ tó o kò pọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń jẹ́ kí ara rẹ̀ tutù fún oṣù méjì sí mẹ́ta nígbà òtútù, ní nǹkan bí 10 sí 15 °C, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dáwọ́ oúnjẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí èyí tó wà ní ikùn lè dà tán. Bí ooru bá padà ní oṣù kẹta, á jẹun, á bọ́ awọ, akọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá abo kiri. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ nílò òtútù yẹn kí akọ tó gun abo. Ẹ ṣáà ti fi wọ́n sínú àpótí kan náà. Ní oṣù kan sí méjì lẹ́yìn náà, abo á tún bọ́ awọ, àti láàárín ọjọ́ mẹ́wàá sí ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ẹyin dé: 10, 15, 20, nígbà mìíràn 30. Ó tilẹ̀ lè tọ́jú àtọ̀ akọ pamọ́ sínú ara, kó tún yé ẹyin tó lọ́mọ nínú lẹ́ẹ̀kejì nínú ọdún kan náà láìrí akọ mọ́. Mo ti rí àwọn tó ń fi èyí yangàn. Ní tèmi, ojúkòkòrò ni.

Ẹ wo ohun tó ń lọ nínú ara rẹ̀. Ẹyin yẹn kò ti ọ̀run bọ́. Ọ̀rá tó ti kó jọ láti ọdún tó kọjá ló ń di pupa ẹyin. Calcium inú ara rẹ̀ ló ń bá wọn lọ. Bí wọ́n ṣe ń tóbi ni wọ́n ń gba gbogbo àyè inú rẹ̀, títí oúnjẹ kò fi ní ọ̀nà mọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó yé. Gbogbo ẹyin náà pọ̀ lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀. Bó bá yé wọn tán, ẹ gbé e lọ́wọ́: awọ rẹ̀ á ṣe jọwọrọ lára eegun ẹ̀yìn, bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́ igi.

Erè tiwa nílé máa ń ká ara rẹ̀ yí ẹyin rẹ̀ ká, á sì máa ṣọ́ wọn títí wọn yóò fi pa. Ejò àgbàdo kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ti yé tán, ó ń lọ nìyẹn. Nítorí èyí, mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé kò jọ ìyá rárá, pé kí la fẹ́ máa ṣàánú rẹ̀ fún. Iṣẹ́ ìyá tirẹ̀ ti parí kí ẹyin àkọ́kọ́ tó jáde.

Àwọn àgbà wa ní ọmọ inú ọká ní í pa ọká. Àwa tí a ti jókòó sí kíláàsì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọká gan-an: ọmọ ààyè ni òun àti paramọ́lẹ̀ ń bí, àwọn ọmọ náà kì í sì í dá ikùn ìyá wọn lu. Ṣùgbọ́n ejò àgbàdo inú àpótí gíláàsì ń kú látọwọ́ ọmọ inú rẹ̀ lóòótọ́. Ẹyin á há sí i nínú. Ó lè jẹ́ pé ejò náà kéré jù, tàbí pé ó sanra jù tí iṣan rẹ̀ kò fi lágbára, tàbí pé inú àpótí tutù, tàbí pé omi ara rẹ̀ ti gbẹ, tàbí pé ẹyin kan tóbi ju ọ̀nà tó fẹ́ gbà lọ. Nígbà mìíràn, kò ju pé kò rí ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn láti yé sí. Nínú igbó, á wá igi tó ti jẹrà tàbí ihò tó lọ́rinrin. Nínú àpótí, ohun tí ẹ bá fún un náà ló ní.

Ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, wọ́n gbé irú rẹ̀ kan wá síbi tí mo ti ń ṣèrànwọ́. Kò tíì pé ọdún méjì. Gíráàmù 190 ló wọ̀n, pẹ̀lú ẹyin tó ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé e wá kì í ṣe ìkà. Méjì ló rà pọ̀, ẹni tó tà wọ́n fún un ní abo ni méjèèjì, ó sì fi wọ́n sínú àpótí kan náà kí wọ́n má baà dá wà. (Ejò kì í ro ti dídá wà o; àwa ènìyàn là ń rò ó fún un.) Bébà ìròyìn ló tẹ́ sílẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú àwo omi kan. Inú àwo omi náà ni ejò yìí yé ẹyin mẹ́fà sí, nítorí ibẹ̀ nìkan ló tutù ní gbogbo àpótí náà, omi sì ba gbogbo wọn jẹ́. Lẹ́yìn náà kò yé mọ́. Ọjọ́ márùn-ún ni ọmọkùnrin náà fi rò pé ó ń sinmi ni. Nítòsí ìrù rẹ̀, ìwú méjì wà tí ẹ lè fi ìka kàn láti òde. Dókítà ẹranko fi abẹ́rẹ́ fa omi inú ọ̀kan kó lè rọ̀, ìyẹn sì jáde. Èkejì ti lẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀nà ẹyin. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Kò jí.

Owó iṣẹ́ abẹ náà ju owó tí wọ́n fi ń ra ejò mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ lọ. Ó san án, kò jiyàn.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ejò yìí ní òfin kan tí kò ṣòro láti rántí: ọdún 3, ẹsẹ̀ bàtà 3 ní gígùn, gíráàmù 300. Abo tí kò bá tíì pé gbogbo rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó rí akọ. Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ kà á sí ìpìlẹ̀, kì í ṣe góńgó. Mo mọ àwọn tó ń fi eku lé eku fún abo wọn kó lè dé gíráàmù 300 ní oṣù 18. Òṣùwọ̀n gbà bẹ́ẹ̀. Ara kò gbà. Ọ̀rá ni wọ́n kó lé e lórí, ọmọdé ló ṣì jẹ́. Nínú nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, ọdún ni mo rò pé ẹ kò gbọdọ̀ fi ṣeré rárá, torí òun nìkan ni ẹ kò lè fi oúnjẹ rà.

Bí ẹyin ṣe ń pa ni gbogbo ènìyàn fẹ́ràn láti sọ, nítorí náà n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Vermiculite tí wọ́n fi omi rin díẹ̀ nínú ike olómorí, ooru bí 28 °C, nǹkan bí ọgọ́ta ọjọ́. Ẹ má yí ẹyin padà bí adìyẹ ṣe ń yí tirẹ̀; ọmọ inú ẹyin ejò máa ń lẹ̀ mọ́ apá òkè láìpẹ́ lẹ́yìn tí ìyá bá yé e, bí ẹ bá sì dojú rẹ̀ dé, ó lè kú. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sórí rẹ̀, ó tán. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ooru ló ń pinnu èyí tí yóò jẹ́ akọ. Ti ọ̀nì àti ọ̀pọ̀ ìjàpá nìyẹn. Ti ejò ti wà nínú chromosome kí ẹyin tó jáde, ìyá ló sì ń pinnu rẹ̀, kì í ṣe bàbá bíi tiwa.

Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹyin bá pa ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ejò á fi eyín kékeré tó wà lókè ẹnu rẹ̀ la èèpo, á yọrí, á sì tún jókòó sínú ẹyin fún ọjọ́ kan tàbí méjì kó lè fa ìyókù pupa ẹyin mu. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, á bọ́ awọ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló máa jẹun, bó bá fẹ́. Nínú ogún ọmọ, a sábà máa ń rí èyí tó kọ̀ jálẹ̀: alángbá ló ń wá, ọmọ eku pupa tí kò tíì lajú lẹ sì ń gbé síwájú rẹ̀. Ẹ lè fi omi fọ ọmọ eku náà, ẹ lè fi ra alángbá lára kó lè ní òórùn rẹ̀, ẹ lè fi òun àti ejò sílẹ̀ nínú òkùnkùn mọ́jú. Àwọn kan á gbà. Àwọn kan á máa rù títí wọn yóò fi kú níṣojú yín. Ẹ kò sì lè kó wọn pọ̀ sójú kan, torí ọ̀kan lè gbé èkejì mì. Ogún ọmọ, ogún ike, ogún àwo omi. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ ọmọ eku kan lọ́sẹ̀, 80 ni lóṣù, nínú fírísà tí ẹ̀yin àti àwọn tí ẹ jọ ń gbélé jọ ń lò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja gbígbẹ tí ìyá yín fi ránṣẹ́ láti ilé.

Ejò kan ń lo ọdún 15 sí 20 láyé. Púpọ̀ nínú wa wà níbí pẹ̀lú físà ọdún méjì.

Ẹ ó ní ẹ ó tà wọ́n. Fún ta ni? Ọmọ ejò tí àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ kò pa owó, torí gbogbo ènìyàn ló ní i. Bí títà náà bá sì di òwò ní England, ìlànà ọdún 2018 lórí ọ̀rọ̀ ẹranko ní kí ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí owó yìí ni àwọn ènìyàn ṣe ń lé àwọ̀ àrà. Láti 1961 tí Dókítà Bernard Bechtel ní Amẹ́ríkà ti rí ẹyin tó pa di ejò àgbàdo àfín lọ́wọ́ rẹ̀, àwọ̀ ti pọ̀ bí aṣọ nínú ọjà Gbági. Ẹ̀kọ́ Mendel tí a kọ́ lórí pátákó ló wà níbẹ̀ láàyè: àfín méjì, gbogbo ọmọ á jẹ́ àfín, méjì tí wọ́n kàn gbé e pamọ́ sínú, ìdá kan nínú mẹ́rin ni a retí. Ohun tí àwọn oníṣòwò àwọ̀ kì í fẹ́ sọ ni pé bí àwọ̀ ṣe lè fara pamọ́ ni àìsàn náà lè fara pamọ́. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní stargazer. Ọmọ tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá kì í lè darí orí ara rẹ̀. Á máa lọ́ ọrùn sókè, á máa yí dànù. Inú ìdílé àwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní sunkissed ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù. Àyẹ̀wò wà fún un. Àwa ọmọ Nàìjíríà tí a kì í bá ara wa dé ilé àna láì béèrè genotype, ó yẹ kí èyí yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ. Síbẹ̀ ẹnì kan á ra akọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì torí pé àwọ̀ rẹ̀ dára, kò ní béèrè bàbá, kò ní béèrè ìyá.

Tí wọn kò bá tà ńkọ́? Ẹnì kan á ní òun á tú wọn sílẹ̀. Ní England, òtútù ni yóò pa wọ́n. Níbi tí òtútù kò sí, ọ̀rọ̀ tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ejò yìí ti dé Grand Cayman tí kì í ṣe ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ń bímọ nínú igbó ibẹ̀. Australia kò gbà kí ẹnikẹ́ni sìn ín rárá.

Èyí ló gbé mi dé ibi tí ọ̀pọ̀ yóò ti bá mi jà. Bí abo yín bá yé ẹyin tí ẹ kò múra sílẹ̀ fún, ẹ kó wọn sínú fírísà. Lọ́jọ́ tó yé wọn ni kí ẹ ṣe é, kì í ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ inú rẹ̀ ti ń di ejò. Mo sọ èyí níbì kan, ẹnì kan sì bi mí pé ṣé Yorùbá ni mí ṣá. Ọmọ là ń tọrọ, ó ní, a kì í da ọmọ nù. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àdúrà ọmọ tí à ń gbà, ti ènìyàn ni, ilé tó ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ de ọmọ ló sì ń gbà á. Ẹni tó ń sin adìyẹ ń dín ẹyin rẹ̀ jẹ láàárọ̀, ọkàn rẹ̀ kì í dá a lẹ́bi. Torí pé a kì í jẹ ẹyin ejò la ṣe sọ ọ́ di ọmọ lójijì.

Àtakò kan wà tó wọ̀ mí létí ju ìyẹn lọ. Àbúrò wa kan tó wà ní ọdún kẹta ló sọ ọ́: pé báwo ni àwa onímọ̀ ẹranko ṣe fẹ́ kọ́ bí ejò ṣe ń bímọ bí a bá ń sá fún un? Òótọ́ ló sọ. Kò sí ìwé tó lè fi hàn yín bí orí ejò ṣe ń yọ nínú ẹyin, tí ahọ́n rẹ̀ ń tọ́ afẹ́fẹ́ wò fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n a lè rí i lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe é dáadáa, kí a bá a fọ ike, kí a bá a bọ́ àwọn tí kò fẹ́ jẹun, fún odindi sáà kan. Tí ó bá jẹ́ pé tiyín lẹ fẹ́ dandan, ẹ wá ẹni márùn-ún tí yóò gba ọmọ, kí ẹ jẹ́ kí ẹyin márùn-ún pa. Ẹ ti mọ ibi tí ìyókù ń lọ.

Ní báyìí ná, ẹni tó bá ní méjì nínú àpótí kan, kó yà wọ́n lónìí, ohunkóhun tó wù kí ẹni tó tà á ti sọ. Ìrù akọ gùn, ó sì nípọn látìpìlẹ̀; ti abo máa ń tín-ín-rín kíákíá lẹ́yìn ihò ìdí. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì rò pé abo tó dá wà ti bọ́ nínú ewu, torí ó lè yé ẹyin tí kò lọ́mọ nínú láìrí akọ rí, ìyẹn náà sì lè há. Bí tiyín bá ń rìn kiri àpótí lóru, tó kọ oúnjẹ, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ, ẹ wá ike tó lè gba gbogbo ara rẹ̀, ẹ gé ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi sphagnum moss tútù kún un dé ìdajì, kí ẹ gbé e síbẹ̀ lálẹ́ òní. Bó bá yé díẹ̀ tó dáwọ́ dúró, tí ẹ sì ṣì ń rí ìwú lára rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, dókítà ẹranko ni kí ẹ pè, kì í ṣe WhatsApp.